Ṣé ó yé wọn, àbí wọ́n kàn fọwọ́ sí i? Ọ̀rọ̀ kẹ́míkà lóko wa

Ìyá Stọ́ọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Nǹkan kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹni tó bá ti bá òṣìṣẹ́ oko tàbí ti ilé iṣẹ́ lò rí, kó jọ̀ọ́ bá mi dá sí i.

Èmi ni mo ń tọ́jú stọ́ọ̀ ní oko kan tí kò jìnnà sí Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Kòkó la gbìn jù, ìrẹsì wà ní àkùrọ̀, ẹ̀gẹ́ náà wà díẹ̀. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ ń gbé. Oògùn koríko, oògùn kòkòrò, èyí tí à ń fín kí kòkó má baà dúdú lórí igi, ásíìdì bátìrì katakata, gbogbo ẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti ń gbà á. Òṣìṣẹ́ mọ́kànlá ló ń fín kẹ́míkà: ọkùnrin mẹ́jọ, obìnrin mẹ́ta.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀gá wa mú ẹnì kan wá láti Adó pé kó wá là wọ́n lọ́yẹ̀ lórí ààbò. Wákàtí méjì ló lò. Kò ṣe é tì o, ó fi àwòrán hàn wọ́n, ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Nígbà tó parí, ó gbé ìwé kan jáde tí wọ́n kọ "Mo ti gbọ́, ó sì yé mi" sí. Gbogbo wọn fọwọ́ sí i, ẹni méjì tẹ àtàǹpàkò. Ìwé náà wà nínú fáìlì mi títí di òní, ó mọ́ tónítóní.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo dé ìdí igi ọsàn tí wọ́n ti máa ń jẹun ọ̀sán, mo bá ìgò mínírà kan níbẹ̀, oníke. Wọ́n ti ya bébà ara rẹ̀ dànù, wọ́n fi ọ̀rá dí i lẹ́nu. Ohun tó wà nínú rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tó ti sùn ọjọ́ méjì. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin wa ti tú ọ̀rá náà, ó ti gbé e dé ẹnu kí òórùn ẹ̀ tó jẹ́ kó fura. Oògùn koríko tó ṣẹ́kù ni, ògidì, tí ẹnikẹ́ni ò tíì bomi là. Ẹni tó rọ ọ́ síbẹ̀ ní òun ò fẹ́ kó ṣòfò ni. Òun náà fọwọ́ sí ìwé o. Mo bi í pé ṣé wọn ò sọ fún un pé èèyàn ò gbọdọ̀ rọ kẹ́míkà sínú ohun mímu ni? Ó ní wọ́n sọ ọ́, ó sì yé òun.

"Ṣùgbọ́n mínírà ti tán nínú ẹ̀, ìyá. Kì í ṣe ohun mímu mọ́."

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Mi ò lè sọ pé irọ́ ló pa.

Ọjọ́ yẹn ni mo ní n ó mọ ohun tó wà lágbárí wọn gan-an. Mo gé àwọn àmì kéékèèké tó wà lára páálí àti ike kẹ́míkà wa, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ páálí funfun, mo ń pè wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹnì kan má baà jí ìdáhùn ẹnì kejì gbọ́. "Kí lo rí? Kí ló ní kó o ṣe?" Ìyẹn nìkan ni mo ń bi wọ́n.

Agbárí àti egungun: ẹni mẹ́wàá mọ̀ pé ikú ni. Ẹni kọkànlá, ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ìwé, ní àmì ẹgbẹ́ òkùnkùn ni, ó sì fẹ́ mọ ìdí tí mo fi ń fi irú ẹ̀ han òun. Ti iná ò ní àríyànjiyàn. Bàbá tó dàgbà jù nínú wọn ò tilẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó ní "Uná ni."

Ibẹ̀ ni nǹkan ti dojú rú. Ẹja tó kú àti igi tó gbẹ, tó ń sọ pé oògùn náà ń pa ohun inú omi, ẹni mẹ́fà ní ó ń sọ pé oògùn yẹn dára fún igi, ó tún dára fún ẹja. A mà ní odò nísàlẹ̀ àkùrọ̀ o! Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣan pọ́ńpù.

Ọ̀pá tó ní ẹ̀kán nísàlẹ̀, àmì ìyanu, tó ń kìlọ̀ pé oògùn náà lè pani lára, ọmọ tó ní ìwé ẹ̀rí NCE ló fún mi lésì: "Àmì ìyanu ni, mà. Ó ń sọ pé iṣẹ́ ìyanu ni oògùn yẹn ń ṣe." Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Ẹni tí ìràwọ̀ là sí láyà ńkọ́? Àìsàn tó ń jẹ èèyàn nínú díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ní ká fi mọ̀: ẹ̀dọ̀fóró, jẹjẹrẹ, ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí. Ẹni mẹ́rin ní agbára ni. Ọ̀kan ní Ẹ̀mí Mímọ́ ló bà lé e. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nínú àwọn mọ́kànlá.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ásíìdì, ọwọ́ kan tí nǹkan ń kán sí, tó ń jẹ ẹ́. Ẹni mẹ́jọ ní ó ní kí àwọn fọ ọwọ́ ni. Mo ti fẹ́ bínú kí n tó yí kẹ́ẹ̀gì oògùn koríko padà, tí mo rí àwòrán ọwọ́ kan lábẹ́ ẹ̀rọ omi nísàlẹ̀ bébà rẹ̀. Ìyẹn sì ń sọ pé kí èèyàn fọ ọwọ́ lóòótọ́! Ọwọ́ méjì, omi méjì. Èwo ni kí ọmọ ọlọ́mọ mú?

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìlà aláwọ̀ ara ike kún un. Wọ́n ní àwọ̀ ewé ni oògùn koríko, yẹ́lò ni ti àgbàdo, pupa ni ojúlówó. Ojúlówó o!

Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ààbò yé òṣìṣẹ́ gan-an? Ọ̀gá ti ní kí n pe ẹni Adó yẹn padà. Mi ò rò pé wákàtí méjì mìíràn ló kù.

---

Àgbẹ̀ Fẹ̀yìntì

Ìyá Stọ́ọ̀, ẹ kú akitiyan. Iṣẹ́ kí n máa lọ láti oko dé oko, kí n máa gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn, ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti gba ìbuwọ́lùwé irú èyí tó wà nínú fáìlì yín púpọ̀. Ìdánwò àmì tí ẹ ṣe yẹn wúlò ju gbogbo ẹ̀ lọ.

Ẹ má bínú sí ọmọ NCE yẹn. Àwọn àmì tí wọ́n fi ìlà pupa yí ká yẹn, mẹ́sàn-án ni gbogbo wọn. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló tẹ ìlànà wọn jáde ní 2003 kí ohun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ kẹ́míkà lè jẹ́ ọ̀kan náà níbi gbogbo. A ò bí ẹnikẹ́ni mọ́ wọn, kíkọ́ là ń kọ́ wọn bí awakọ̀ ṣe ń kọ́ àmì ojú títì. Agbárí àti iná rọrùn torí wọ́n jọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ìràwọ̀ àyà ò jọ nǹkan kan. Àwòrán ẹ̀rọ omi tí ẹ rí nísàlẹ̀, ìdílé mìíràn nìyẹn: oògùn oko nìkan ni wọ́n ń fi sí lára, iṣẹ́ ló ń júwe, kì í júwe ewu. Ìdílé méjì ló ń gbé lórí bébà kan ṣoṣo, wọ́n sì jọra.

Ti àwọ̀: pupa ló lewu jù, yẹ́lò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà búlúù, àwọ̀ ewé ló fúyẹ́ jù. Ṣùgbọ́n ẹ fi sọ́kàn pé májèlé ojú ẹsẹ̀ ni àwọ̀ yẹn ń sọ, ìyẹn ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí èèyàn bá gbé e mì tàbí tó gba ara wọlé lónìí. Kò sọ ti àìsàn ọdún mẹ́wàá. Ìdí nìyẹn tí ike aláwọ̀ ewé fi lè gbé ìràwọ̀ sára.

Ibi tí mo fẹ́ tẹ̀ mọ́ rèé. Ẹ má bi ẹnikẹ́ni mọ́ pé "Ṣé ó yé ọ?" Ọmọ Èkìtì wo lẹ rò pé ó máa wo ojú àgbà tó ti sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì, kó ní "Rárá, kò yé mi"? Àfojúdi ló máa kà á sí. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà" ló máa sọ, kì í sì í ṣe irọ́ ló ń pa, ẹ̀kọ́ ilé ni. Ẹ gbé nǹkan lé e lọ́wọ́, ẹ ní kó ṣe é lójú yín. "Kẹ́ẹ̀gì rèé, ó ṣẹ́ku ìdajì, ilẹ̀ ti ṣú. Níbo lo máa gbé e sí?" "Ó ta sí ẹnì kejì ẹ lójú. Kí lo máa kọ́kọ́ ṣe?" Lẹ́yìn náà kí ẹ dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ló ṣòro fún àwa àgbà.

Ẹ tún béèrè ìwé àlàyé kẹ́míkà kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á fún yín, èyí tó ní ìpín mẹ́rìndínlógún. Kì í ṣe ti òṣìṣẹ́, tiyín ni. Ìpín kẹrin ni ìtọ́jú àkọ́kọ́, ìkeje ni bí ẹ ṣe máa tò ó sí stọ́ọ̀, ìkẹjọ ni ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ wọ̀. Ẹ fi àwọn yẹn bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá igun stọ́ọ̀ yín wò pẹ̀lú. NAFDAC ti fòfin de oògùn koríko tí wọ́n ń pè ní paraquat láti January 1, 2024, atrazine, tí òun náà jẹ́ oògùn koríko, sì tẹ̀ lé e ní January 1, 2025. Mo ṣì ń rí ike wọn lábẹ́ ibùsùn àwọn èèyàn.

---

Onípọ́ńpù Ìkọ̀lé

Ìyá, bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ẹ má bínú sí mi o, irú èmi gan-an lẹ ń sọ̀rọ̀ ẹ̀. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń gba iṣẹ́ fínfín láti Ìkọ̀lé títí dé Ọ̀yẹ́.

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ló yé wa. Tánkì mi gba lítà mẹ́rìndínlógún, iye tánkì tí mo bá fín ni wọ́n fi ń sanwó fún mi. Tí mo bá ní kí n wọ ìbọ̀wọ́, kí n dúró kí atẹ́gùn rọlẹ̀, kí n lọ wẹ̀ kí n tó fẹnu kan oúnjẹ, owó tánkì mẹ́ta ti lọ. Ẹni tó bá ní kò yé mi, kó wá gbé lítà mẹ́rìndínlógún pọ̀n ní aago kan ọ̀sán oṣù kẹta, kó gbé kóòtù rọ́bà wọ̀ lé e, ká wá jọ sọ̀rọ̀. Ibì kan wà tí wọ́n fún àwa mẹ́ta ní ìbọ̀wọ́ kan ṣoṣo. Èmi wọ tọwọ́ ọ̀tún, ẹnì kejì wọ tòsì, ẹnì kẹta ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.

Èyí tí kò yé mi lóòótọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ihò kékeré tí oògùn ń gbà jáde ní ẹnu ọ̀pá pọ́ńpù, iyanrìn máa ń dí i. Ṣe ni mo máa ń tú u, tí mo máa fi ẹnu fẹ́ ẹ, fíìì. Ètè mi á kú, á máa ta mí ṣìnṣìn títí di alẹ́, iyán ò ní dùn lẹ́nu mi. Ọdún méje ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀ kí àgbẹ̀ kan tó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ hàn mí pé òun ló yẹ kí n fi máa fọ̀ ọ́. Wọ́n sì kọ ọ́ sára bébà o, pé kí a má fi ẹnu fẹ́ ẹ! Gẹ̀ẹ́sì ni, lẹ́tà ẹ̀ kéré ju ẹyin èèrà lọ. Mo lè ka Gẹ̀ẹ́sì, ojú mi ni kò ká a.

Ohun kan náà ni pé àwa ń fi imú mọ èyí tó le. Èyí tí kò bá rùn, ọkàn wa balẹ̀ sí i.

---

Ọlọ́ṣẹ Adó

Ẹ̀yin ṣì ń rí bébà kà. Èmi ọṣẹ ni mò ń sè. Àpò ńlá ni sódà ń wà, ara àpò yẹn ni gbogbo ìkìlọ̀ wà, ẹni tó ra odindi àpò ló ni í. Èmi tí mò ń ra kílò mẹ́ta, inú ọ̀rá dúdú ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n sí fún mi, ó funfun, ó ń dán, ó jọ ṣúgà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, mo da sódà sínú abọ́, mo bu omi lé e. Ó hó gùù, ó fò sókè, ó bà mí lápá. Àpá ẹ̀ wà níbẹ̀, ó tó páálí ìṣáná.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ò kàwé púpọ̀, kò sì sí bébà tí n ó fi hàn wọ́n. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé omi ni ọkọ, sódà ni ìyàwó. Ìyàwó ló ń lọ sílé ọkọ, díẹ̀díẹ̀, ọkọ kì í kó wá sílé ìyàwó. Kò sí èyí tó ṣì í ṣe nínú wọn rí.

---

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mi ò ní pẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń bi wọ́n pé kí ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe, mo mọ̀ pé epo pupa ni wọ́n máa sọ. Epo ò pa májèlé, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má sì ki ìka bọ ẹnikẹ́ni lọ́fun pé kó bì í: ásíìdì tàbí sódà tó sun ọ̀nà ọ̀fun nígbà tó ń lọ, á tún sun ún nígbà tó bá ń bọ̀, oògùn tí wọ́n fi epo pò sì lè gba ẹ̀dọ̀fóró lọ. Tó bá ta sójú, omi tó ń ṣàn, ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kí wọ́n fi ọwọ́ la ìpéǹpéjú. Tó bá ta sára, aṣọ ni kí wọ́n kọ́kọ́ bọ́. Èèyàn máa ń tijú láti bọ́ ṣòkòtò lóko, ara á sì ti mu ún tán.

Kí ẹ tó gbé aláìsàn bọ̀, ẹ mú ike náà dání, tàbí kí ẹ fi fóònù ya bébà ara rẹ̀. "Oògùn koríko ni, nọ́ọ̀sì" ò tó. Oògùn koríko wo? Paraquat tí bàbá dárúkọ yẹn ò ní ẹ̀rọ̀. Díẹ̀ tó bá gba ẹnu wọlé lè pa àgbàlagbà.

Ọmọ Ìkọ̀lé, ti imú yẹn, jáwọ́ níbẹ̀. Òmíràn wà tó jẹ́ pé àwọn tó ṣe é ló mọ̀ọ́mọ̀ fi òórùn sí i kí èèyàn má baà mu ún. Òmíràn ò rùn rárá, ó sì lè pa èèyàn.

---

Ìyá Stọ́ọ̀

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti tó oṣù kan ààbọ̀, mo ní kí n wá jábọ̀.

Mi ò pe ẹni Adó. Àárọ̀ Mọ́ńdè kọ̀ọ̀kan, kí n tó ṣí stọ́ọ̀, ẹnì kan á dúró, n ó gbé ike kan lé e lọ́wọ́, á sọ ohun tó máa ṣe fún àwọn yòókù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Ẹni tó rọ oògùn sínú ìgò mínírà ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ tijú. Ní báyìí òun ló ń dá àwọn mìíràn lóhùn kí n tó la ẹnu, ó sì ti fi ọ̀rọ̀ tiẹ̀ kún òfin wa: "Ohun tó bá ti gba ohun mímu rí, ohun mímu ni títí ayé." N kì bá tí rí irú gbólóhùn yẹn kọ fúnra mi!

Bàbá, òótọ́ lẹ sọ nípa ìdákẹ́. Ẹnu ń yún mi.

Ọmọ Ìkọ̀lé, mo ra búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín méjìlá, mo fi okùn so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ pọ́ńpù. Mo bi wọ́n pé ta ló ń fi ẹnu fẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀. Mẹ́sàn-án nawọ́. Stọ́ọ̀ mi rèé o, mi ò mọ̀! Ìbọ̀wọ́ ti pé fún oníkálukú. Ti owó tánkì, mo gbé e dé iwájú ọ̀gá pé kó máa sanwó ọjọ́. Ó ní òun á ronú sí i. Ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Mo tún ìdánwò ṣe. Mẹ́sàn-án ti mọ ọwọ́ tí ásíìdì ń jẹ yàtọ̀ sí ọwọ́ tó ń wẹ̀. Gbogbo wọn ti mọ̀ pé pupa kì í ṣe ojúlówó. Ẹja àti igi, wọ́n mọ̀ ọ́n lẹ́nu, mo sì gbé dúrọ́ọ̀mù omi sí ẹ̀gbẹ́ stọ́ọ̀ kí wọ́n máa ṣan pọ́ńpù níbẹ̀, omi ìdọ̀tí ẹ̀ la fi ń po oògùn tó kàn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí omi bá tán nínú dúrọ́ọ̀mù, mo ti bá ẹni méjì létí odò.

Ìràwọ̀ àyà ló ṣòro jù. Mo sọ jẹjẹrẹ, wọ́n ní Ọlọ́run má jẹ̀ ẹ́, wọ́n ṣe tán láti máa bá iṣẹ́ lọ. Ìgbà tí mo ka ti omi àti sódà tí Ọlọ́ṣẹ kọ ni mo tó fi ọ̀rọ̀ àìsàn sílẹ̀. Mo ní ẹ wo òpó ilé tí ikán wọ̀. Ẹ kùn ún ní ọ̀dà, ó ń dán, ẹ fara tì í lójoojúmọ́, ikán ń jẹ ẹ́ nínú. Ọjọ́ tí ilé bá wó lẹ ó mọ̀. Ẹnu wọn wọlé. Bàbá tó ní "Uná ni" ọjọ́ yẹn kàn fọwọ́ ra àyà ara rẹ̀ wò.

Lọ́jọ́ kejì mo dé stọ́ọ̀, mo rí i pé ọmọ NCE wa ti mú bírò, ó ya ikán kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ìràwọ̀ lára gbogbo kẹ́ẹ̀gì tó ní in. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló fún un. Mi ò tíì sọ fún un pé mẹ́fà ni.